Bí àmì ṣe ń wọlé nínú ìjà taekwondo

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo ìdíje taekwondo á máa ṣe kàyéfì. Ìpá kan á dún gbì, pátákó àmì ò ní mira. Òmíràn á rọra fẹ́ akoto alátakò lẹ́rẹ́, àmì mẹ́ta á wọlé lójú ẹsẹ̀. Ohun tó fà á wà lára aṣọ àti ìbọ̀sẹ̀ tí àwọn olùdíje wọ̀.

Sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ̀ bí nǹkan bá kan án, wà nínú ẹ̀wù ààbò: búlúù fún olùdíje tí wọ́n ń pè ní chung, pupa fún èkejì tí wọ́n ń pè ní hong. Ó wà nínú akoto náà. Ìbọ̀sẹ̀ wọn ní ohun tí ẹ̀wù fi ń mọ̀ pé ẹsẹ̀ ló kan òun, kì í ṣe orúnkún tàbí ìgbọ̀nwọ́. Kí ìpá sí àyà tó lè di àmì, ohun méjì gbọ́dọ̀ pé: ìbọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà, agbára rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó ìwọ̀n tí wọ́n yàn fún ìsọ̀rí yẹn. Ìwọ̀n obìnrin tí kò ju kìlógírààmù 49 lọ kì í ṣe ti ọkùnrin tó ju 80 lọ. Bó bá jẹ́ ojúgun ló balẹ̀, tàbí tí alátakò fi apá gbà á, ariwo lásán ni. Ìbọ̀sẹ̀ tó yí lẹ́sẹ̀ tàbí ẹ̀wù tí wọn ò so le dáadáa lè jẹ àmì ẹni mọ́ra, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ́ sí àyà jẹ́ àmì 1, ìpá sí àyà 2, ìpá sí orí 3. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn po kó tó ta ìpá á gba 4 fún àyà, 5 fún orí. Àmì méjì tó lé yẹn kò sí lọ́wọ́ ẹ̀rọ, nítorí ẹ̀rọ ò lójú tó fi lè rí i pé èèyàn yí po. Àwọn adájọ́ igun ló ń tẹ bọ́tìnì fún un, àwọn náà ló sì ń fúnni ní àmì ẹ̀ṣẹ́. Níbi tí adájọ́ bá ti jẹ́ mẹ́ta, méjì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ̀ṣẹ́ tí kò bá lọ tààrà, tí kò sì mi alátakò, kì í rí ẹni tẹ bọ́tìnì fún un.

Ìpá àyípo yìí ló sọ Cheick Sallah Cissé ti Côte d'Ivoire di olúborí ní Rio lọ́dún 2016. Ìṣẹ́jú àáyá kan ló kù, Lutalo Muhammad ti Britain, alátakò rẹ̀, sì ń ṣíwájú pẹ̀lú 6 sí 4. Ìpá náà bà á lórí, ó di 8 sí 6. Àmì 4 ni wọ́n ń fún irú rẹ̀ nígbà yẹn.

Ìpele mẹ́ta ni ìjà, ìṣẹ́jú méjì-méjì, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú kan láàárín wọn. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ro gbogbo àmì pọ̀. Ní Olympics Paris 2024, ẹni tó bá kọ́kọ́ gba ìpele méjì ló borí. Nítorí náà, ẹni tí èsì rẹ̀ jẹ́ 9-8, 2-11 àti 6-5 ló mókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì 17 ló ní, tí alátakò rẹ̀ ní 24.

Gam-jeom ni orúkọ ìjìyà. Ẹni tó bá ṣubú, tó jáde kúrò lórí ẹní, tó di alátakò mú, tó gbá a nísàlẹ̀ ìgbànú tàbí tó kàn án lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú, ti fún alátakò rẹ̀ ní àmì kan. Tó bá pé márùn-ún nínú ìpele kan, ìpele náà ti lọ. Wọ́n tún ń fìyà jẹ ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè láti fi dènà. Ẹ̀rọ ló bí àṣà yẹn: nígbà tí ìfarakanra di owó, àwọn olùdíje bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́sẹ̀ kan bí ẹyẹ lékeléke. Ká sòótọ́, òfin ò tíì lé e bá.

Kóòṣì lè gbé káàdì sókè kí wọ́n tún fídíò wò. Bí ẹjọ́ rẹ̀ bá dá a lẹ́bi, káàdì ti lọ nìyẹn. Àmọ́ fídíò kì í wọn agbára ìpá sí àyà. Ohun tí ẹ̀wù bá sọ lábẹ gé.

Bí ìpele bá parí ní ọ̀mì, wọ́n á kọ́kọ́ wo ẹni tó gba àmì jù nínú ìpá àyípo. Bí wọ́n bá tún dọ́gba, wọ́n á wo àmì orí, ti àyà, ti ẹ̀ṣẹ́, ti gam-jeom, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó ń ka iye ìgbà tí ẹ̀rọ gbọ́ pé nǹkan kan òun.