Ọmọ mi fẹ́ kọ́ ẹ̀dítì fídíò: èwo ni kí n rà fún un?

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 14, kò sì sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ mọ́ ju fídíò lọ. Fóònù Android wà lọ́wọ́ rẹ̀, láptọ́ọ̀pù àlòkù kan náà wà nílé, RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB. Premiere Pro, àpù tí wọ́n fi ń gé fídíò lórí kọ̀ǹpútà, ló ní òun fẹ́, torí òun ni àwọn ọ̀gá ń lò. Owó tó wà lọ́wọ́ mi ò pọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra nǹkan kan, mọ́mì. Oṣooṣù ni wọ́n ń san owó Premiere Pro. Oṣù tí ẹ kò bá rí owó san, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Adobe tó ṣe é fúnra wọn tún sọ pé RAM ẹ̀rọ tó máa lò ó gbọ́dọ̀ tó 8GB, ó kéré tán. Ìdajì ìyẹn ló wà lára tiyín. RAM ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ó dà bíi tábìlì télọ̀: bí kò bá fẹ̀, télọ̀ á máa ká aṣọ kan kúrò kó tó lè tẹ́ òmíràn.

Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Àpù tí wọ́n ń pè ní VN wà lọ́fẹ̀ẹ́, kì í sì í lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ojú fídíò bíi àpù KineMaster tí wọn ò sanwó rẹ̀. CapCut náà dára, àmọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan inú rẹ̀ ti di olówó. Ó sì máa ń fi orúkọ rẹ̀ sí ìparí fídíò. Kí ọmọ tẹ̀ ẹ́, kó pa á rẹ́. Ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀ ni àwọn témípílétì, èyí tí ẹlòmíràn ti gé sílẹ̀ tí ọmọ kàn máa ki fọ́tò bọ̀. Ọmọ tó bá ń ṣe ìyẹn lóṣù mẹ́ta kò tíì gé fídíò kankan.

Ìbéèrè: Láptọ́ọ̀pù wá ńkọ́? Ṣé kò wúlò ni?

Ìdáhùn: Ó wúlò. Ẹ fi àpù ẹ̀dítì tó ń jẹ́ Shotcut sí i. Ọ̀fẹ́ ni, kì í lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ fídíò, bó bá sì ti wọlé tán, kò bèèrè dátà mọ́. Àwọn tó ṣe é ní 8GB ló yẹ fún fídíò HD, nítorí náà kí ọmọ lọ sí Settings, kó tan Proxy. Shotcut á ṣe ẹ̀dà kékeré fún fídíò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà yẹn lọmọ á máa gé. Nígbà tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ jáde, ojúlówó ni Shotcut á padà lò. Bí Shotcut bá sì béèrè pé ṣé kí òun yí fídíò fóònù padà kó lè rọrùn láti gé, kó gbà. Iye àwòrán tí fóònù ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan kì í dúró sójú kan, ìyẹn ló máa ń jẹ́ kí ẹnu àti ohùn pínyà.

Ohun kan tó ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́kún: fáìlì iṣẹ́ Shotcut kò gbé fídíò sínú, ibi tí fídíò wà ló kàn kọ sílẹ̀. Bí fídíò bá wà lórí fíláàṣì tí wọ́n sì yọ fíláàṣì, iṣẹ́ ṣófo. Fódà kan ṣoṣo ni kó kó gbogbo rẹ̀ sí, kó má sì gbé e kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òun ní Premiere tí wọ́n ti kíráàkì, tí wọ́n já títì rẹ̀ kí wọ́n má baà sanwó.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Irú ẹ̀ ni ẹnìkan fi sórí kọ̀ǹpútà mi nígbà tí mo ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, fáìrọ́ọ̀sì ti ti gbogbo fáìlì mi pa, fídíò ìgbéyàwó tí wọ́n gbé fún mi ṣe sì wà níbẹ̀. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó. Mi ò lè gbàgbé ojú tó fi wò mí.

Ìbéèrè: Kí ló yẹ kó kọ́kọ́ fi kọ́ṣẹ́?

Ìdáhùn: Kó lọ bá alákàrà àdúgbò, kó tọrọ àyè, kó ya ìṣẹ́jú 10: ọwọ́ tó ń po ẹ̀wà, epo tó ń hó, owó tó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Kó wá gé e di ìṣẹ́jú 1. Níbi tí ìyá ti fẹ́ da àkàrà sínú epo, kó tẹ Detach Audio kí ohùn lè kúrò lára àwòrán, kó sì fa ariwo epo kó ṣáájú àwòrán díẹ̀. A ṣì ń wo ojú ìyá, a ti ń gbọ́ ṣàá. Ìgbà yẹn ni agbada tó yọ. Bí ó bá gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn, ó ti wọṣẹ́.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló máa nílò èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ìdáhùn: Ìgbà tó bá lè fọwọ́ tọ́ ohun tí Shotcut kò jẹ́ kó ṣe dáadáa. Bí àpẹẹrẹ, ó ya ẹnìkan nínú ilé, ó tún yà á lóòrùn, àwọ̀ ara ẹni náà wá dà bíi ti ènìyàn méjì. Àpù DaVinci Resolve ló mọ iṣẹ́ àwọ̀ jù, ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ tó fún un. Ẹ̀dà olówó rẹ̀, Studio, tó jẹ́ 295 dọ́là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tíì kàn án. Ṣùgbọ́n 16GB ni Resolve ń fẹ́, pẹ̀lú káàdì àwòrán tó dáa. Torí náà, ara ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ ná owó yín sí. Kẹ́ ẹ tó ra òmíràn, ẹ ní kí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tú ẹ̀yìn èyí tó wà nílé, kó wò ó bóyá àyè RAM kan ṣófo. Nínú àwọn kan, wọ́n ti jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ṣeé fi kún. Bó bá ṣeé fi kún tó di 8GB, ẹ ṣe ìyẹn lákọ̀ọ́kọ́: kò tíì tó Resolve, àmọ́ ó tó Shotcut.