Ẹ̀rọ Òwú Eli Whitney Kò Dín Iṣẹ́ Ẹrú Kù

Nígbàkígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹ̀rọ tí ó yí ilẹ̀ Amẹ́ríkà padà láyé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó sọ pé ẹ̀rọ tí Eli Whitney ṣe láti máa yọ kóró kúrò lára òwú mú kí iṣẹ́ àwọn ẹrú fúyẹ́, àti pé àwọn olóko kò nílò wọn tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n kàwé dáadáa, ó sì máa ń dùn mí, nítorí pé òdìkejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Ní 1790, àwọn ẹrú tí ó wà ní Amẹ́ríkà tó nǹkan bí 700,000. Nígbà tí yóò fi di 1860, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù 4.

N kò ní pẹ́ lórí iye yìí, nítorí pé ìkànìyàn ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ni ó gbé e jáde. Ohun tí ó yẹ kí a tú wò ni ìdí tí ìgbàgbọ́ náà fi ń mú ọkàn ènìyàn. Whitney pàápàá kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ ní 1793 pé ẹ̀rọ òun yóò mú kí iṣẹ́ náà dín kù ní ìlọ́po 50. Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo ni ó ń sọ? Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ènìyàn kì í dúró sí.

Oríṣi òwú méjì ni wọ́n ń gbìn. Ọ̀kan ní fọ́nrán gígùn, kóró rẹ̀ dúdú, ó sì ń dán, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ti òwú náà sáàárín ọ̀pá róbótó méjì tí ń yí, kóró náà yóò bọ́ sílẹ̀. Àwọn ará Íńdíà ti ń lo irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí a tó bí Whitney. Etíkun Georgia àti South Carolina àti àwọn erékùṣù wọn nìkan ni òwú yìí ti ń ṣe dáadáa. Èkejì, tí ó ń hù nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ní fọ́nrán kúkúrú, kóró rẹ̀ aláwọ̀ ewé sì lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Ẹni tí ó bá ń fi ọwọ́ yọ ọ́ láti àárọ̀ di alẹ́ kò ní rí ju nǹkan bí ìwọ̀n pọ́ùn 1 lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn olóko kò fi gbìn ín púpọ̀ fún títà.

Inú oko Mulberry Grove, tí ó jẹ́ ti Catharine Greene nítòsí Savannah, ni Whitney ti ṣe ẹ̀rọ rẹ̀, lẹ́yìn tí ó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Yale ní 1792. Eyín wáyà tí ó wà lára igi róbótó kan ń fa fọ́nrán gba ojú ihò tóóró tí kóró kò lè gbà kọjá, búrọ́ọ̀ṣì sì ń gbá òwú náà kúrò lára eyín. Ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 1794. Pọ́ùn 50 ni wọ́n sọ pé ó lè yọ lójúmọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò ṣán igbó, kò kọ ebè, kò gbin nǹkan kan, kò ro oko, kò sì já òwú. Èyí tí ó le jù ni jíjá. Òwú kì í là lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà àwọn ẹrú máa ń padà sí orí ebè kan náà léraléra, láti ìparí oṣù kẹjọ títí wọ inú ọdún tuntun. Níwọ̀n ìgbà tí yíyọ kóró ni ó ti ń dí ọ̀nà tẹ́lẹ̀, bí ó ṣe rọrùn báyìí, gbogbo ilẹ̀ tí òwú lè hù lórí rẹ̀ di owó, gbogbo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì ń bèèrè ọwọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń já òwú kò sì di ohun tí àwọn olóko ń rà lọ́pọ̀ títí di àwọn ọdún 1940. Solomon Northup, ará New York tí kì í ṣe ẹrú ṣùgbọ́n tí wọ́n jí gbé ní 1841 tí wọ́n sì tà sí oko ní Louisiana, sọ pé pọ́ùn 200 ni wọ́n kà sí iṣẹ́ òòjọ́ ènìyàn kan. Ní alẹ́, ilé tí ẹ̀rọ náà wà ni wọ́n ti ń wọn agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ pé kò sí ẹrú tí ó ń súnmọ́ ilé náà láìsí ìbẹ̀rù, nítorí pé pàṣán ń dúró de ẹni tí òwú rẹ̀ kò bá pé ìwọ̀n.

Níbo ni wọ́n ti rí àwọn òṣìṣẹ́ náà? Òfin ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀ láti 1808, bẹ́ẹ̀ ni èrè tábà sì ti ń dín kù ní Virginia àti Maryland. Láti ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ènìyàn lọ sí Alabama, Mississippi àti Louisiana, títí iye wọn fi tó nǹkan bí mílíọ̀nù 1 kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ya ọkọ nípa sí aya, wọ́n sì gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá.

N kò sọ pé ẹ̀rọ Whitney nìkan ni ó fa gbogbo èyí. Àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá òwú lójú méjèèjì, wọ́n sì lé àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Creek, Choctaw àti Chickasaw kúrò lórí ilẹ̀ wọn kí àwọn olóko tó lè gbà á. Àwọn tí wọ́n ń sọ pé oko ẹrú ìbá ti parí fúnra rẹ̀ bí kò bá sí ẹ̀rọ náà ń sọ ju ohun tí a lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ, nítorí pé tábà àti ìrẹsì ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn sí oko ẹrú kí òwú tó gbòde. Ohun tí ó dá mi lójú kò ju pé ẹ̀rọ náà ṣí ọ̀nà tí ó ti dí, àti pé àwọn tí wọ́n ní agbára mọ̀ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà níbẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, ẹ jọ̀wọ́, bí ìwé kan bá sọ fún ọmọ yín pé ẹ̀rọ yìí dín iṣẹ́ kù, ẹ bi í léèrè iṣẹ́ ta ni, àti apá wo nínú iṣẹ́ náà. Bí ìwé ọ̀hún bá ka iye òwú tí Amẹ́ríkà tà sí òkè òkun, tí kò sì ka àwọn ènìyàn tí wọ́n tà kúrò ní Virginia nítorí rẹ̀, ẹ wá ìwé mìíràn kún un.