Eyín tí wọ́n yọ tí ojú ẹ̀ kọ̀ tí ò jiná

Tí wọ́n bá yọ eyín yín, tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ 8 tí ojú ibẹ̀ ò tíì pa dé, tí ahọ́n yín sì ń kan nǹkan líle kan níbẹ̀, ẹ má rò pé èérún eyín ló ṣẹ́kù o, ó lè jẹ́ eegun àgbọ̀n gangan ló yọjú yẹn. Mo máa ń bi àwọn aláìsàn tó bá bá irú ẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi pé ṣé ẹ ti lo oògùn tó ń mú eegun le rí, ọ̀pọ̀ á ní rárá, torí abẹ́rẹ́ tí èèyàn ń gbà lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ò jọ oògùn lójú wọn.

Irú oògùn bẹ́ẹ̀ tá a sábà máa ń bá ni alendronate, zoledronic acid àti denosumab. Ara máa ń họ eegun tó ti gbó dànù kó lè fi tuntun dípò ẹ̀, oògùn yìí ló ń dá àwọn tó ń họ ọ́ dúró, ó dáa fún ìbàdí àti ọ̀pá ẹ̀yìn, àmọ́ tí kòkòrò bá ti wọ àgbọ̀n, kò rọrùn fún un láti tún ara ẹ̀ ṣe mọ́. Ewu ẹ̀ kéré gan-an fún ẹni tí eegun ẹ̀ kàn fúyẹ́, àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ ńlá torí jẹjẹrẹ ló pọ̀ fún.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ là ń ṣiṣẹ́ abẹ fún. Tí kò bá dunni tí kò sì lọ́yún, omi ìfọnu chlorhexidine àti àyẹ̀wò déédéé lè tó. Tó bá wá di ti abẹ, wàhálà ibẹ̀ ni pé eegun tó kú àti èyí tó yè so pọ̀ ni, èyí tó kú ò ní ṣẹ̀jẹ̀, a ó máa họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde, ibẹ̀ la máa dúró. A ó wá fá gbogbo etí eegun náà tó mú kó má baà gún erìgì, ká tó fa erìgì bò ó ká rán an. Èmi ò fọwọ́ kékeré mú rírán yìí rárá, torí erìgì téèyàn bá fipá fà, á já padà ni. Èyí tó bá ti bàjẹ́ jù, a ó gé odindi apá kan àgbọ̀n, ká fi irin titanium dè é, nígbà míì a ó mú eegun láti ẹsẹ̀ tòun ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wá dí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí eléyìí dá oògùn dúró fúnra yín, denosumab téèyàn kàn já sílẹ̀ lè jẹ́ kí eegun ẹ̀yìn fọ́. Eyín tó bá yẹ ní yíyọ, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, kó jiná dáadáa. Tẹ́ ẹ bá sì ti ń gbà á, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ gbà á kẹ́yìn sórí fóònù, kẹ́ ẹ fi han dókítà eyín kó tó mú nǹkan kan sẹ́nu yín.