Bí Wọ́n Ṣe Ń Tú Pálámẹ́ǹtì Ká ní Ìlú Ọba

Kò sí ìwé òfin ìpilẹ̀ kan ṣoṣo ní Ìlú Ọba tí ènìyàn lè ṣí láti fi wo bí ìjọba ibẹ̀ ṣe ń rìn. Òfin tí Pálámẹ́ǹtì ṣe wà, ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ wà, ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ nínú ohun tó gbé ìjọba náà ró jẹ́ àṣà tí àwọn olóṣèlú jọ mọ̀ tí wọ́n sì jọ ń tẹ̀lé, bí kò tilẹ̀ sí adájọ́ tó lè fìyà jẹ ẹni tó bá tàpá sí i. Ọbabìnrin Anne kọ̀ láti fọwọ́ sí àbá òfin kan ní ọdún 1708. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó gun orí ìtẹ́ tó tún dán an wò, síbẹ̀ kò sí òfin kan tó gba agbára náà kúrò lọ́wọ́ wọn. Èrò àwọn Conservative, ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá kan níbẹ̀, láti ìgbà pípẹ́ ni pé irú àṣà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ihò tó yẹ kí á fi òfin dí, nítorí pé ọgbọ́n ọ̀pọ̀ ìran ló wà nínú rẹ̀. Ibi tí èrò yìí ti ní ẹ̀rí tó dájú jù ni agbára láti tú Pálámẹ́ǹtì ká. Wọ́n fi òfin rọ́pò àṣà náà ní ọdún 2011. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2022, wọ́n ti dá a padà.

Ọba ló ni agbára náà. Olóòtú Ìjọba ló máa ń lọ bẹ Ọba pé kí ó tú Pálámẹ́ǹtì ká, kí àwọn ará ìlú lè dìbò. Gbèdéke nìkan ni òfin fi lélẹ̀: ọdún méje láti 1716, ọdún márùn-ún láti 1911. Àṣà ni ìyókù, èyí tó sì ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni pé ìjọba tí Ilé Aṣojúṣòfin kò bá fọkàn tán mọ́ kò gbọdọ̀ jókòó pa: ó ní láti fipò sílẹ̀, tàbí kí ó padà tọ àwọn olùdìbò lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1979, ìbò 311 tako ìjọba James Callaghan, 310 sì gbè é lẹ́yìn. Ìbò ẹyọ kan péré ló fi pàdánù. Kò sí òfin tó sọ pé kí Callaghan tọ Ọbabìnrin lọ, ṣùgbọ́n ó lọ. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún, Margaret Thatcher sì gba ìjọba.

Nítorí pé ẹ̀bẹ̀ ni Olóòtú Ìjọba ń bẹ̀, Ọba lè kọ̀ fún un. Ní ọdún 1950, Alan Lascelles, akọ̀wé Ọba George Kẹfà, fi orúkọ mìíràn kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn The Times, ó sì ka ohun mẹ́ta tó lè mú kí Ọba kọ̀: bí Pálámẹ́ǹtì tó wà nílẹ̀ bá ṣì lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bí ìdìbò bá lè pa ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè lára, bí Ọba bá sì lè rí ẹlòmíràn tí Ilé náà yóò tì lẹ́yìn láti ṣe ìjọba fún àkókò tó nítumọ̀. Jálẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kò sí ọba Ìlú Ọba tó kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ti tìtorí èyí sọ pé agbára náà ti kú. Ohun tí wọn kò rí ni pé mímọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Ọba lè kọ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ tí kò yẹ dé iwájú rẹ̀. Olóòtú Ìjọba tó mọ̀ pé òun lè ti Ọba sínú ìjà òṣèlú yóò rò ó dáadáa kí ó tó gbéra.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn Yorùbá, nítorí pé ìlànà Ìlú Ọba ni Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà fi ń ṣe ìjọba lẹ́yìn òmìnira. Wọ́n kọ àṣà náà sínú ìwé òfin Ìwọ̀ Oòrùn, pé Gómìnà lè yọ Prẹ́míà bí ó bá hàn sí i pé ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Ilé kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1962, Gómìnà Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni Ifẹ̀, yọ Ládòkè Akíntọ́lá lórí lẹ́tà tí àwọn ọmọ Ilé fọwọ́ sí. Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà ní lẹ́tà kò tó, àfi kí wọ́n dìbò nínú Ilé. Ní ọdún 1963, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ṣì ń pe ẹjọ́ Nàìjíríà lọ síbẹ̀ nígbà náà, ní lẹ́tà tó. Kíákíá ni wọ́n tún òfin Ìwọ̀ Oòrùn ṣe láti sọ ìdájọ́ náà di asán. Kíkọ tí wọ́n kọ àṣà náà sílẹ̀ kò pa àríyànjiyàn. Ilé-ẹjọ́ ló gbé e lọ.

Òfin ọdún 2011 kò wá láti inú àròjinlẹ̀ lórí ìṣèjọba bí kò ṣe láti inú ìdúnàádúrà. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2010, àwọn Conservative kò ní iye tó lè dá ìjọba ṣe, wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ àwọn Liberal Democrat tó ní ìjókòó 57, tí ẹ̀rù ń bà pé David Cameron, olórí Conservative tó di Olóòtú Ìjọba, lè pe ìdìbò ní ọjọ́ tó bá wù ú kí ó sì já wọn jù sílẹ̀. Òfin náà gba agbára lọ́wọ́ Ọba, ó sì ní kí ìdìbò máa wáyé nínú oṣù Karùn-ún ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Bí ìdìbò yóò bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ Ilé, ìyẹn 434 nínú 650, fọwọ́ sí i, tàbí kí Ilé dìbò pé òun kò fọkàn tán ìjọba, kí ọjọ́ 14 sì kọjá láìsí ìjọba tí Ilé fara mọ́.

Ọdún 2019 ni ohun tí òfin yìí ti gé dànù wá hàn. Tẹ́lẹ̀, Olóòtú Ìjọba lè so ọ̀rọ̀ ńlá kan mọ́ ìwàláàyè ìjọba rẹ̀, bí John Major ti ṣe lórí àdéhùn Maastricht, èyí tó dá Àjọ Ilẹ̀ Yúróòpù sílẹ̀, ní oṣù Keje ọdún 1993: bí ẹ bá kọ èyí, a ó lọ dìbò. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ tó ń ṣọ̀tẹ̀ padà sẹ́yìn rẹ̀. Theresa May, Olóòtú Ìjọba ní ọdún 2019, kò ní ohun èlò yẹn lọ́wọ́ mọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kínní ọdún 2019, ìbò 432 sí 202 ni Ilé fi kọ àdéhùn rẹ̀ lórí kíkúrò nínú Àjọ Ilẹ̀ Yúróòpù; lọ́jọ́ kejì, Ilé kan náà fi 325 sí 306 ní kí ìjọba rẹ̀ máa bá iṣẹ́ lọ. Ìjọba kan kò lè ṣe olórí iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè gbé e kúrò. Nígbà tí Boris Johnson, tó rọ́pò rẹ̀, béèrè fún ìdìbò ní oṣù Kẹsàn-án, 298 gbà, 56 kọ̀, síbẹ̀ ẹ̀bẹ̀ náà ṣubú nítorí pé kò tó 434. Nínú oṣù yẹn kan náà ni adájọ́ 11 fi ohùn kan sọ pé dídá tí ìjọba dá ìjókòó Pálámẹ́ǹtì dúró lòdì sófin. Bí ọ̀nà tọ̀dọ̀ àwọn olùdìbò ti dí, ilé-ẹjọ́ ni gbogbo ìjà wọ́ lọ. Níkẹyìn, wọ́n ṣe òfin pàtàkì kan tí kò nílò ju pé kí àwọn tó gbà pọ̀ ju àwọn tó kọ̀ lọ, wọ́n sì dìbò ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá. Odi tí wọ́n mọ ní ọdún 2011 kò ṣòro fò rárá fún ẹni tó bá ti ní ọ̀pọ̀ ìbò.

Òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù Kẹta ọdún 2022 dá agbára náà padà sọ́wọ́ Ọba, ó sì ní ilé-ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ yẹ bí wọ́n ṣe lò ó wò. Ilé àwọn Lọ́ọ̀dù, ìyẹn ilé kejì Pálámẹ́ǹtì tí a kì í dìbò yan, fẹ́ kí Ilé Aṣojúṣòfin kọ́kọ́ máa dìbò kí Olóòtú Ìjọba tó lọ. Ilé Aṣojúṣòfin kọ̀, ó sì tọ̀nà bí ó ṣe kọ̀, nítorí pé ìbò bẹ́ẹ̀ ni ì bá tún ti ilẹ̀kùn kan náà pa. Rishi Sunak ló kọ́kọ́ lo agbára tó padà dé yìí. Ó kéde ìdìbò ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, ìjókòó 121 péré ló kù fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù tó sì dàgbà ní Èkó, ni àwọn Conservative fi ṣe olórí ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Pálámẹ́ǹtì tí ìdìbò náà gbé wọlé kọ́kọ́ jókòó ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2024, bí ọdún márùn-ún bá sì pé, yóò tú ká fúnra rẹ̀, àyàfi bí Olóòtú Ìjọba bá ti lọ bẹ Ọba ṣáájú.