Ìdúró Gáréèjì Ló Ń Di Eré Àsápajúdé: Ohun Tó Wà Nídìí Ìdíje Àwọn Ọlọ́kọ̀ Kàbà sí Àbújá

Ọkùn o, ẹ̀yin ará wa nílé lóko.

Ẹni tó bá gbé báàgì rẹ̀ jáde ní Kàbà láàárọ̀, tó ń lọ Àbújá, kò ní pẹ́ tí ọwọ́ mẹ́ta á fi bá a di báàgì náà mú. Ọ̀kan ń pè é sínú Hiace, èkejì ń pè é sínú Sienna, ẹlẹ́kẹta ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ létí rẹ̀ pé ọkọ̀ tòun wà níwájú lọ́hùn-ún, kò sí nínú gáréèjì, owó rẹ̀ sì dín díẹ̀. Èrò á máa wò ó pé àǹfààní ńlá nìyí, pé bí ọlọ́kọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni owó á ṣe wálẹ̀ tó, tí ìrìn á sì yá tó. Ní ọjà iṣu, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní ìdíkọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì yẹ kí ẹni tó ń san owó mọ ìdí rẹ̀.

Ọkọ̀ tọ́ọ̀nù, ìyẹn èyí tó ń tò ní gáréèjì títí á fi kàn án láti kó èrò, kì í sábà gbéra àfi tó bá kún. Ẹ jẹ́ ká ní èrò Àbújá kan ń wọ gáréèjì ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ mẹ́jọ. Hiace tó ń kó èrò 14 á kún láàárín ìṣẹ́jú 112, ìyẹn wákàtí méjì ó dín ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Kí gáréèjì mìíràn wá ṣí ní òdìkejì títì, kí ó sì gba ìdajì èrò náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ Àbújá lọ́jọ́ náà ò tìtorí ìyẹn pọ̀ sí i. Ẹnì kan ni yóò máa wọ gáréèjì kọ̀ọ̀kan báyìí ní ìṣẹ́jú 16, Hiace kọ̀ọ̀kan á sì jókòó sójú kan fún wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 44. Ọlọ́kọ̀ di méjì, ìdúró náà di ìlọ́po méjì. Ibi tí ìdíje ti ń dun èrò gan-an nìyí, kò sì hàn lórí owó ọkọ̀.

Òun náà ló fà á tí Sienna fi gba ojú ọ̀nà. Èrò méje péré ló ń dúró dè, nítorí náà ìdajì àkókò tí Hiace fi ń kún ló fi ń kún. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹ̀yin ń san fún un. Ká mú Kàbà sí Àbújá, tí a bá gba Obàjànà, Lọ́kọ́jà, Koton Karfe, Abaji àti Gwagwalada, ní nǹkan bíi 280 kìlómítà. Hiace tó kún dáadáa á jẹ bíi lítà 12 ní kìlómítà 100. Ẹ fi ti sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ àti ẹ̀rọ amúlétutù kún un, ẹ kúkú kà á sí lítà 40. Bí a bá fi 1,000 náírà ṣe ìṣirò lítà kan kó lè rọrùn, 40,000 náírà ni epo, tí a bá pín in sọ́nà 14, ó jẹ́ 2,857 náírà lórí èrò kan. Epo tí Sienna ń jẹ ò fi bẹ́ẹ̀ dín sí ti Hiace, ṣùgbọ́n èèyàn méje ló ń pín in: 5,714 náírà. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta epo lónìí rọ́pò 1,000 yẹn, ẹ ó rí i pé ìyàtọ̀ owó Sienna àti ti bọ́ọ̀sì kì í ṣe ìyànjẹ. Àyè tó ṣófo náà ní owó tirẹ̀. Hiace tó bá fi èrò mẹ́wàá gbéra, 4,000 náírà epo ló wà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ kú ní gáréèjì ni kí ọkọ̀ gbéra láìkún. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọlọ́kọ̀ lè fara mọ́ àyè méjì tó ṣófo.

Epo nìkan kọ́. Owó ẹgbẹ́ awakọ̀ wà níbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, owó àgbèrò tó pe èrò wà níbẹ̀, owó tí dẹ́rẹ́bà máa san fún ẹni tó ni ọkọ̀ sì wà níbẹ̀. Nínú gáréèjì kan náà, ẹgbẹ́ ló ń fi iye owó lélẹ̀, tọ́ọ̀nù ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé, torí náà kò sí ìdíje owó láàárín àwọn tó wà nínú rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ọgbà, àwọn tí à ń pè ní sóòlè, ni wọ́n ń bá wọn díje, torí wọn ò san èyíkéyìí nínú owó ìdíkọ̀ wọ̀nyẹn. Ibẹ̀ ni ẹ̀dínwó wọn ti wá.

Nítorí pé ọkọ̀ tó ti fẹ́ kún ni èrò máa ń yàn, àwọn àgbèrò mọ bí wọ́n ṣe ń mú ọkọ̀ dà bíi pé ó ti kún. Wọ́n á gbé ọmọ gáréèjì mẹ́ta mẹ́rin jókòó sínú rẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn: kò sí báàgì, kò sí ọ̀rá búrẹ́dì, sílípáàsì ni wọ́n wọ̀. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń jókòó sí, kì í ṣe ibi fèrèsé, torí wọ́n ní láti tètè bọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá san owó tán, ọ̀kan á ní òun fẹ́ lọ ra omi. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kí ẹni tí ẹ bá nínú ọkọ̀, ẹ bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, Àbújá ibo lẹ ti máa sọ̀?” Ẹni tó ń lọ lóòótọ́ á ní Zuba ni, tàbí Gwagwalada, tàbí Kubwa. Ẹni tí kò lọ á wo ojú àgbèrò.

Àkókò tó ṣòfò ní gáréèjì yìí, ẹnì kan ní láti wá a padà, dẹ́rẹ́bà sì ni ẹni náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, iye ìrìn tí wọ́n rìn ni owó tí wọ́n rí. Ẹni tó rò pé òun á lọ Àbújá, òun á sì padà sí Kàbà lọ́jọ́ kan náà, ní wákàtí méje lórí ìjókòó, tó bá fi 80 kìlómítà ní wákàtí rìn. Tó bá ti fi wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ dúró de èrò ní Kàbà, tó tún máa dúró ní Zuba, ilẹ̀ á ṣú mọ́ ọn. Ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ iná. Ní 110, á dé Àbújá ní bíi wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 33 dípò wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀. Ìṣẹ́jú 57 péré ló jèrè. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ máa rìn dé lẹ́yìn tó bá ti tẹ búrẹ́kì kò gùn díẹ̀ péré: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ti 80, torí agbára tó wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré ń pọ̀ ju bí eré ṣe ń pọ̀ lọ. Ìwọ̀n tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fi lélẹ̀ fún takisí àti bọ́ọ̀sì ni 50 láàárín ìlú, 80 lójú títì ìgboro-sí-ìgboro, 90 lójú ọ̀nà márosẹ̀. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ní kí gbogbo ọkọ̀ akérò ní ẹ̀rọ tó ń dín eré kù. Ẹ bi dẹ́rẹ́bà bóyá tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Ojú títì kọnkéré Kàbà sí Obàjànà, kìlómítà 43 tí Dangote ṣe, ló ń tan dẹ́rẹ́bà jù. Ó tẹ́jú, kò sí kòtò, ọkàn á ní kí ó máa lọ. Bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ náà ni tírélà símẹ́ńtì ń gbà. Ẹni tó ń sá fún àkókò kì í lè dúró lẹ́yìn tírélà títí tí iwájú á fi mọ́, á fẹ́ yà á ní kọ́nà. Bí ẹ bá rí i pé ó ń yọ orí wò léraléra, tó ń wọlé, tó tún ń yọ, ẹ má dákẹ́. Kí ẹnì kan sọ̀rọ̀, kí èkejì gbè é lẹ́sẹ̀. Dẹ́rẹ́bà á gbọ́ ti èèyàn méjì ju ti ẹnì kan lọ. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, a ò yára” ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ibi kejì tí ọlọ́kọ̀ ti ń wá owó padà ni táyà. Kí ẹ tó wọlé, ẹ yí ọkọ̀ ká. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀. 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sínú ni nọ́ńbà náà wà. Ẹ wo táyà mìíràn nígbà náà. Ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni wọ́n fún táyà ní Nàìjíríà, ìbáà jẹ́ pé ó ṣì ń dán. Rọ́bà ń gbẹ nínú ilé ìkẹ́rùsí náà, ó ń sán wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara nígbà ọyẹ́. Èyí tó burú jù ni táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ò tó lábẹ́ ẹrù púpọ̀: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa tẹ̀, á máa nà, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí àgbá bá yí, ooru á gba inú rẹ̀ kan, á sì bẹ́ láàárín Koton Karfe àti Abaji ní ọ̀sán gangan. Ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn, níbi tí àyè mẹ́ta ti gba èèyàn mẹ́rin, kí ó ṣírò ohun tí èèyàn mẹ́rin náà máa wúwo tó: bíi kìlógíráàmù 280, tí iṣu, gàrí àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa ò tíì sí níbẹ̀.

Ẹrù yẹn fúnra rẹ̀ ń mú ewu kan wá tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Bí bọ́ọ̀tì ò bá tì mọ́ torí ẹrù, wọ́n á fi okùn so ó, á sì máa ṣí díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, atẹ́gùn á máa lọ́ lẹ́yìn rẹ̀, á sì máa fa èéfín sàlẹ́ńsà wọ inú ọkọ̀ gba ibẹ̀. Carbon monoxide tó wà nínú èéfín náà ò ní òórùn, ẹ ò lè rí i. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn ni orí á kọ́kọ́ máa fọ́, á máa rìn wọ́n bí ẹni fẹ́ bì, wọ́n á sì máa tòògbé; àwọn tó kù á rò pé àárẹ̀ ni. Bí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta bá ń ráhùn orí fífọ́ pa pọ̀, ẹ ní kí ọkọ̀ dúró, kí gbogbo yín bọ́ sílẹ̀ gba afẹ́fẹ́, kí wọ́n tún ẹrù náà tò kí bọ́ọ̀tì lè tì. Ẹ má gbà kí wọ́n kàn ṣí fèrèsé kan kí wọ́n máa lọ.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì sí aago kan pàtó náà wà nínú ìdíje yìí. Owó wọn sábà máa ń ju ti gáréèjì lọ, a sì gbà pé ó tọ́ kí ẹ san án, bí wọ́n bá ń gbéra lásìkò lóòótọ́. Dẹ́rẹ́bà tó gbéra ní aago méje kò ní ohun tó ń lé e lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ máa bi akọ̀wé kì í ṣe “èló ni?” nìkan. Ẹ ní, “Bí èrò mẹ́sàn-án bá wà ní aago méje, ṣé ẹ máa gbéra?” Bí ó bá ní àwọn á da èrò ọkọ̀ méjì pọ̀, ẹ bi í ní aago mélòó. Ẹ bi í bóyá owó yín á padà bí ó bá kọjá wákàtí kan. Ẹni tó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, gáréèjì ló ń ṣe, orúkọ tíkẹ́ẹ̀tì ló fi bò ó.

Ti sóòlè, ẹ̀dínwó rẹ̀ ò tó nǹkan lójú wa. Kò sí ìwé orúkọ èrò, kò sí ẹni tó mọ ọkọ̀ tí ẹ wọ̀, kò sí ẹni tí ẹ máa bi bí ẹrù bá sọnù, ibẹ̀ sì ni àwọn wọn-ṣáàǹsì ti ń rí èèyàn kó. Bí dandan bá mú yín, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sílé kí ẹ tó wọlé. Nínú gáréèjì náà, bí wọ́n bá gbé ìwé wá kí ẹ kọ orúkọ, ẹ má kọ nọ́ńbà ọkọ tàbí aya yín tí ẹ jọ wà nínú ọkọ̀ sí ibi ẹni tí wọ́n máa pè. Ẹni tó wà nílé ni kí ẹ kọ. Nọ́ńbà Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122, ọ̀fẹ́ ni.

Ọjọ́ tí ẹ yàn tún ń yí gbogbo ìṣirò yìí padà. Ọjọ́ Ẹtì, àwọn òṣìṣẹ́ Àbújá ló ń wá sílé. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọ́n ń padà. Nítorí náà ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, dẹ́rẹ́bà tó wà ní Kàbà fẹ́ tètè dé Àbújá kí ó lè kó èrò ìrọ̀lẹ́. Ó lè tìtorí ìyẹn gbà láti gbéra láìkún, kí ó sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lórí owó. Ọjọ́ Àìkú, ẹ má tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ná an.

Oṣù kejìlá ni ìṣirò yìí ń le jù. Ọkọ̀ kún wá sílé, ó ṣófo padà, torí náà èrò ọ̀nà kan ló ń ru epo àlọ àti àbọ̀: 80,000 náírà nínú àpẹẹrẹ wa yẹn, tí a bá pín in sọ́nà 14, ó di 5,714, owó Sienna nínú bọ́ọ̀sì. Ní oṣù kìíní, ọ̀nà kejì ló kàn. Ẹni tó ń bọ̀ wálé ṣọdún tó sì mọ ọjọ́ tí iṣẹ́ á wọlé, kí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ kí ó tó kúrò ní Àbújá, kí ó gba ìwé tí ọjọ́ àti aago wà lórí rẹ̀, kí ó sì yan àárọ̀, torí ọkọ̀ tó bá kúrò ní Kàbà lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ ti ṣú kó tó dé Zuba.