Bí ẹ̀bùn promo ṣe ń gbé èèyàn láti Ìlọrin dé ibi eré mọ́tò

Ká sọ pé mekáníìkì kan wà ní Táíwò n'Ílọrin, ó ra ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ó ha nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ọmọrí ẹ̀, ó fi ránṣẹ́, ó gbàgbé. Lẹ́yìn oṣù méjì ni fóònù ẹ̀ dún, wọ́n ní ó ti jẹ tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ wo eré mọ́tò Formula 1 ní Silverstone, nílùú Ọba. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á pariwo, àwọn ọmọṣẹ́ á ti máa pè é ní Baba London, ìyá ẹ̀ ní Ìpàtà á ti ròyìn fún gbogbo ìsọ̀ tó yí i ká. Kò burú. Àmọ́ láti orí ìpè yẹn dé orí àga tó máa jókòó sí létí títì eré, ìrìn ibẹ̀ pọ̀, àárín yẹn ló sì ti máa ń bọ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ torí wọn ò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ta ọ́ìlì tàbí táyà tàbí ohun mímu, tó bá ti sanwó kí wọ́n lẹ orúkọ òun mọ́ ara mọ́tò eré, tíkẹ́ẹ̀tì sábà máa ń wà nínú àdéhùn ìpolówó yẹn, ìyẹn ni pé ohun tó dà bí owó ńlá lójú wa yẹn ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti fún èèyàn ní ìrìn àjò ju kí wọ́n ka owó sí i lọ́wọ́. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan téèyàn bá fi ránṣẹ́, ìgbà kan ni wọ́n kà á sí, ẹni tó bá ra gálọ́ọ̀nù mẹ́wàá ti wọlé lẹ́ẹ̀mẹwàá, kọ̀ǹpútà ló sì máa ń ṣa nọ́ńbà láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Tí nọ́ńbà tó wọlé bá jẹ́ 200,000, tí àwọn tó máa jẹ sì jẹ́ 5, ẹni tó ní nọ́ńbà kan, ẹyọ kan nínú 40,000 ni tiẹ̀. Tó bá ra mẹ́wàá, ó di ẹyọ kan nínú 4,000, owó gálọ́ọ̀nù mẹ́wàá ti lọ ná. Ẹni tí mọ́tò ẹ̀ ò bèèrè ọ́ìlì tó wá ń rà á torí promo, tẹ́tẹ́ ló ń ta yẹn.

Bí wọ́n ṣe ń mú orúkọ àwọn tó jẹ, wọ́n tún máa ń mú orúkọ àwọn kan sílẹ̀ sẹ́yìn wọn. Tí wọ́n bá pe ẹni àkọ́kọ́ títí tí kò gbé e, tàbí tí ọjọ́ tí òfin promo dá bá ti kọjá, wọ́n á fò ó, wọ́n á pe ẹni tó kàn, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Síìmù gan-an tún ní wàhálà tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ síìmù tó wà lọ́wọ́ àwọn bàbá wa, orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ṣe é, nígbà tí wọ́n ń so NIN mọ́ síìmù, ẹni tó bá wà nílé ni wọ́n lo NIN ẹ̀. Tí ẹ̀bùn bá wá dé, orúkọ tó wà lórí síìmù ni ilé-iṣẹ́ máa wò, ọmọ ti jẹ ẹ̀bùn bàbá ẹ̀ nìyẹn. Tí orúkọ yẹn bá tún jẹ́ ti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ti parí, torí promo tó bá ti ní ìrìn àjò nínú, ọdún méjìdínlógún ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà àti ẹbí wọn kì í sábà lè jẹ, ìyẹn wà nínú òfin wọn lábẹ́, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ojú abẹ́rẹ́.

Ìjọba ń ṣọ́ wọn, ó kéré tán lórí ìwé. Àjọ FCCPC ló ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwa tá à ń rajà, òfin ọdún 2018 ló gbé e kalẹ̀. Ti àwọn oní nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ NCC, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, kódà ní November 2012, NCC dá gbogbo promo wọn dúró torí promo ti pọ̀ débi pé ìpè ò já geere mọ́. Ti lọ́tìrì, tí promo tó ń ṣa nọ́ńbà bá tan, ló wá yí padà láìpẹ́, ní ọjọ́ 22 oṣù November 2024 ni Kóòtù tó ga jù sọ pé ọ̀rọ̀ lọ́tìrì kì í ṣe ti àwọn aṣòfin Àbújá, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni ín, wọ́n sì fagi lé òfin lọ́tìrì ti 2005.

Gbájúẹ̀ wà níbẹ̀ náà o, wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ wọn rọrùn, wọ́n á pe èèyàn pé ó ti jẹ, wọ́n á ní kó san owó fọ́ọ̀mù, owó físà, owó "clearance", lónìí lónìí kí ẹlòmíì tó gbà á. Ilé-iṣẹ́ gidi kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ kó tó fún un ní ẹ̀bùn, kì í béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí báǹkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù, kì í béèrè PIN. Ọ̀nà tó dáa jù láti mọ̀ ni kéèyàn gbé fóònù náà sílẹ̀, kó wá nọ́ńbà tó wà lára gálọ́ọ̀nù tàbí páálí ọjà yẹn fúnra ẹ̀, kó pè é, kó ní kí wọ́n ka nọ́ńbà tí òun ha síta fún òun. Ọmọ gbájúẹ̀ ò lè mọ nọ́ńbà yẹn. Torí náà, ẹ má da ọmọrí nù o, ẹ jù ú sínú àpótí sípánà.

Tó bá jẹ́ òótọ́, ìwé ló kù. Ilé-iṣẹ́ á mú ìwé wá pé kó fọwọ́ sí i pé wọ́n lè lo fọ́tò ẹ̀ fún ìpolówó, pé kò lè ta tíkẹ́ẹ̀tì náà, pé kò sí pàṣípààrọ̀ owó. Ìbéèrè tó yẹ kó bi wọ́n nígbà yẹn ni: kí ló wà nínú ẹ̀ gan-an? Tíkẹ́ẹ̀tì eré nìkan ni, àbí ti bàálù náà? Òtẹ́ẹ̀lì ńkọ́, oúnjẹ ńkọ́, ta ló ń gbé èèyàn láti Ìlọrin dé Èkó? Nítorí "ìrìn àjò ọ̀fẹ́" lẹ́nu àwọn tó ń ṣe ìpolówó, láti pápákọ̀ òfuurufú Èkó ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Pásípọ́ọ̀tù, wọ́n ń ṣe é n'Ílọrin níbí, ọ̀rọ̀ orúkọ ló máa ń dá a dúró. Sulaiman lórí NIN, Sule lórí káàdì ìdìbò, Suleiman ní báǹkì, tó sì jẹ́ pé Alfa ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Ẹni tó bá ní irú orúkọ mẹ́ta mẹ́ta bẹ́ẹ̀, kó lọ tún un ṣe kó tó ronú físà. Físà ìlú Ọba, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀, àmọ́ èèyàn máa lọ tẹ̀ka ní Èkó tàbí Àbújá. Wọn kì í gbà á ju oṣù mẹ́ta lọ ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò, èsì sì sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́tà ilé-iṣẹ́ pé "ẹni yìí jẹ ẹ̀bùn" wúlò, ṣùgbọ́n kò di dandan kí wọ́n torí ẹ̀ fún un. Ohun tí wọ́n fẹ́ rí ni pé ó níṣẹ́, owó ń wọ àkáǹtì ẹ̀, ó sì ní ohun tó máa mú un padà wálé. Ibí yìí ló ti máa ń le fún mekáníìkì, torí owó ọwọ́ ló ń gbà, èyí tó bá wọ báǹkì ò tó nǹkan. Tí wọn ò bá fún un, owó físà ò ní padà, òfin ọ̀pọ̀ promo sì sọ pé ẹ̀bùn ti bọ́ nìyẹn, tàbí ó di ti ẹni tó tẹ̀ lé e. Lójú tèmi, ilé-iṣẹ́ tó bá mọ ohun tó ń ṣe ì bá ti fi owó tàbí ẹ̀bùn míì rọ́pò ẹ̀, àwọn kan ń ṣe é, ṣùgbọ́n inú ìwé ló ti yẹ kéèyàn rí i kó tó fọwọ́ sí i.

Ó wá débẹ̀. Silverstone, pápá bàálù ológun ni tẹ́lẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìgbà tí ogun parí ni wọ́n sọ ọ́ di títì eré. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sá eré àkọ́kọ́ nínú ìdíje Formula 1 àgbáyé, ní ọjọ́ 13 oṣù May 1950, Giuseppe Farina ló gbà á, Alfa Romeo ló sì wà, ẹ má rẹ́rìn-ín, kì í ṣe irú alfa tiwa n'Ílọrin. Títì yẹn kò tó kìlómítà mẹ́fà yípo, ìgbà 52 ni wọ́n máa yí i, gbogbo ẹ̀ jẹ́ bíi kìlómítà 306. Ẹ fi wé Ìlọrin sí Èkó, kò jìnnà síra. Àwọn dírẹ́bà yẹn máa ń rin ín ní bíi wákàtí kan àtààbọ̀ tí òjò tàbí jàǹbá ò bá dá wọn dúró.

Eré náà kì í ṣe ọjọ́ kan. Ní Friday wọ́n á gbìyànjú mọ́tò wò, ní Saturday wọ́n á sáré láti mọ ẹni tó yára jù, tó máa dúró níwájú, Sunday ni eré gan-an, nítorí náà ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ jẹ́ ti ọjọ́ kan, kó rí i dájú pé ti Sunday ni. Tíkẹ́ẹ̀tì náà ní ìpele, èyí tó kéré jù ni pé kéèyàn dúró sórí koríko níbi tó bá ti rí àyè, èyí tó tẹ̀ lé e ní àga tiẹ̀, èyí tó ga jù ni ti àwọn àlejò ilé-iṣẹ́, oúnjẹ wà níbẹ̀, òrùlé wà níbẹ̀. Òrùlé yẹn ṣe pàtàkì torí oṣù July tí wọ́n ń pè ní ìgbà ooru lọ́dọ̀ wọn, òjò lè rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan. Kó mú nǹkan tí wọ́n ń ki sétí dání náà, torí ariwo mọ́tò.

Ẹni tó ti wo Durbar Ìlọrin lẹ́yìn Ìléyá máa tètè mọ bó ṣe ń rí. Ẹṣin á kọjá fìrì, eruku á gbà á, ẹni tó wà létí ọ̀nà ò ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú ààfin. Ibi kọ́nà kan ṣoṣo lèèyàn máa rí nínú títì, mọ́tò á kọjá, ó lè tó ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ kó tó tún padà. Síkírínì ńlá tó wà níbẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó wà níwájú.

Iná pupa márùn-ún ló máa ń tàn, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n máa ṣí. Lẹ́yìn ìyẹn, táyà ló ni eré. Èyí tó rọ̀ ní àmì pupa, ó yára ṣùgbọ́n ó tètè ń jẹ, ti àárín ní ìyẹ́lò, èyí tó le ní funfun, ó lọ́ra díẹ̀ àmọ́ ó pẹ́. Tí òjò ò bá rọ̀, dandan ni kí dírẹ́bà lo oríṣi méjì ó kéré tán, torí náà gbogbo wọn ló máa yà sí ibi pit, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe létí títì, láti pààrọ̀. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló wà láàárín táyà kọ̀ọ̀kan, kò dà bíi tiwa tó jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, èèyàn bí ogún ló sì máa bò ó, ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta ni wọ́n fi ń pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹgbẹ́ McLaren ti ṣe é ní ìṣẹ́jú àáyá 1.80 rí, ní Qatar lọ́dún 2023. Fọkanáísà ibi Challenge ò tíì gbé jáàkì nígbà yẹn.

Níbi táyà yìí ni adùn ẹ̀ wà. Lọ́dún 2020, táyà Lewis Hamilton fọ́ ní ìyípo tó kẹ́yìn ní Silverstone yìí kan náà, ó fi táyà mẹ́ta wọ́ ọ débi ìlà, ó sì gba ipò kìíní. Ní July 2025 òjò rọ̀, Nico Hülkenberg tó bẹ̀rẹ̀ ní ipò 19 mọ ìgbà tó yẹ kó pààrọ̀ táyà, ó parí sí ipò kẹta, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa dé orí pèpéle àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ nìyẹn nínú eré 239. Lọ́jọ́ yẹn náà, Oscar Piastri ló wà níwájú, wọ́n ní ó tẹ bíréèkì lọ́nà tí kò yẹ nígbà tí mọ́tò ààbò, èyí tó máa ń ṣíwájú wọn tí ewu bá wà, wà lójú títì, wọ́n fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá jẹ ẹ́ níyà, Lando Norris ló wá gbà á. Ẹni tí kò wo síkírínì, tó ń wo mọ́tò nìkan, á rò pé wọ́n rẹ́ Piastri jẹ ni. Àsíá ìyẹ́lò túmọ̀ sí pé ewu wà, wọn ò gbọ́dọ̀ kọjá ara wọn. Pupa, eré dúró. Búlúù, mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn ti fi ìyípo kan jù ọ́ lọ, yà fún un. Aláwọ̀ dúdú àti funfun bíi pátákó ayò ni wọ́n fi ń parí ẹ̀, máàkì 25 fún ẹni kìíní, 18 fún ìkejì, títí dé orí ẹni kẹwàá tó ń gba 1.

Tó bá ti parí, wọ́n máa ń jẹ́ kí èrò wọnú títì lọ síbi pèpéle, ibẹ̀ lèèyàn ti lè tẹ ẹsẹ̀ lé ibi tí mọ́tò ti sáré. Ẹ wo táyà tó jó sí ilẹ̀, ó nípọn. Ìgbà yẹn ni wàhálà ìjáde tó bẹ̀rẹ̀, torí èrò tó ń wá láàárín ọjọ́ mélòó kan yẹn máa ń lé ní 400,000, gbogbo wọn á fẹ́ bọ́ sójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, gósílóò ibẹ̀ á mú èèyàn rántí Post Office n'írọ̀lẹ́ àìsùn ọdún. Lẹ́yìn ìyẹn ni bàálù padà sí Èkó. Láti Èkó sí Ìlọrin, kìlómítà tí wọ́n fi wákàtí kan àtààbọ̀ sá yẹn náà ni, owó bọ́ọ̀sì wà lọ́rùn ẹni tó jẹ ẹ̀bùn, tó bá sì ti kọjá Ọ̀yọ́ tó ń bọ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kó dì mọ́ àga níwájú ẹ̀.