Kí Ló Dé Tó Jẹ́ Ìsọ̀kalẹ̀ Òkè Ló ń Jẹ Itan?

Ní Sátidé tó kọjá, àwa mélòó kan láti Ìlọrin lọ sá eré orí òkè lápá Ìfẹ́lódùn, níhà Ọ̀wá Kájọlà níbi tí omi Òwu ti ń já bọ́ láti orí àpáta. Kìlómítà 12 péré ni, ọ̀nà oko, yangí àti àpáta. Àbúrò mi kan láti Tankẹ́ bá wa lọ, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì nìyẹn. Látìgbà náà ló ti ń da ìbéèrè bò mí lórí fóònù.

Ẹ̀gbọ́n, ìgbà tí a ń gòkè ni mo rò pé màá kú. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, ńṣe ni mo ń ta pọ́ún-pọ́ún bí ewúrẹ́. Kí ló wá dé tó jẹ́ iwájú itan mi ló ń ro mí?

Ìsọ̀kalẹ̀ yẹn gan-an ló ṣe ọ́. Ṣé o ti fa omi kànga rí? Tí o bá ń fa korobá bọ̀ lókè, apá á kàn rẹ̀ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí korobá bá kún, tí o wá ń tú okùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó má baà já lù ìsàlẹ̀, okùn á bó ọ látẹ́lẹwọ́. Bí iṣan itan ṣe ń ṣe nìyẹn. Nígbà ìgòkè, ó ń súnkì bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà ìsọ̀kalẹ̀, ó ń nà, síbẹ̀ ó ń di ara mú kó má baà ré lulẹ̀. Fọ́nrán iṣan tó ń jáde síṣẹ́ lákòókò náà kì í pọ̀, nítorí náà ẹrù tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo, wọ́n á sì ya wẹ́wẹ́.

Ohun tó ń tan èèyàn ni pé èémí kì í há. Lójú ọ̀nà tó rọra dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, agbára tí ara ń ná lè tó ìdajì péré èyí tó ń ná lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ọkàn ní kò sí wàhálà, itan ló ń san owó náà.

Kí ló dé tí kò dùn mí lọ́jọ́ Sátidé? Iyán ni mo jẹ lálẹ́ yẹn, mo sì sùn dáadáa.

Ìrora yìí kì í tètè dé. Lẹ́yìn wákàtí 12 sí 24 ló máa ń bẹ̀rẹ̀, á wá le jù láàárín wákàtí 24 sí 72. Ìwọ náà lo sọ pé nígbà ìrun àsùbáà ọjọ́ Sọ́ńdè, o fọwọ́ ti ògiri kí o tó lè dìde láti ìforíkanlẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé ásíìdì tí iṣan ń mú jáde nígbà eré ló dúró sí ọ lẹ́sẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi: láàárín wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ni ara ti kó ìyẹn kúrò.

Ṣé kí n gbé itan yìí lọ sílé ìwòsàn?

Rárá, rọra máa rìn káàkiri. Àmọ́ tí ìtọ̀ bá dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì, tàbí tí itan wú gan-an, tètè lọ sílé ìwòsàn: kíndìnrín lọ̀rọ̀ wá kàn yẹn.

Báwo ni kò ṣe ní rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn?

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ìsọ̀kalẹ̀ kan ṣoṣo máa ń kọ́ iṣan lẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní gbàgbé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí eré bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lọ síhà òkè Sóbì, sáré sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, jẹ́jẹ́. Má ṣe é lọ́sẹ̀ eré gan-an o. Gbé ẹsẹ̀ kúkúrú-kúkúrú, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀, má na gìgísẹ̀ síwájú. Yangí máa ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán kò wúlò níbẹ̀. Gé èékánná ẹsẹ̀, kí o sì so okùn bàtà le kí o tó sọ̀ kalẹ̀. Níbi tí òkè bá ti ga bí àkàbà, rìn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ṣé itan ò ro ẹ̀yin náà ni?

Ó ro mí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀yìn ni mo fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ wa.